Bákónì ní Ìbàdàn Tuntun: Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí A Gbé Sókè

Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí àwọn ará ìlú kan ti ń bá ara wọn gbé, kí ó má ṣe wo yàrá tí wọ́n ń sùn nìkan, kí ó má sì ṣe wo ọjà tí wọ́n ń ná nìkan. Ibi tí ó yẹ kí ó tẹjú mọ́ ni agbede méjì, níbi tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ti ń bọ́ sí gbangba láì tíì kúrò nílé, tí ẹni tí ń kọjá lọ sì lè bá a sọ̀rọ̀ láì tíì wọlé. Ní ayé àwọn baba wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ibẹ̀, ojúde sì ni èkejì rẹ̀. Ní Ìbàdàn tuntun, láti Dùgbẹ̀ títí dé Challenge, láti Ring Road títí dé Bódìjà àti Àgbowó, bákónì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ó jókòó sí ipò náà. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó wà nídìí ipò ọ̀hún, tàbí ipò lásán ni ó gbà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo ilé kì í ṣe ti ẹnì kan. Abẹ́ rẹ̀ ni baálé ti ń gbọ́ ẹjọ́, abẹ́ rẹ̀ ni ìyá àgbà ti ń ṣa ẹ̀wà tí ó sì ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ, abẹ́ rẹ̀ sì ni àlejò tí òjò ká mọ́ ọ̀nà ń yà sí láìgba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tí kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ni ó wá ṣe títí òjò yóò fi dá. Ẹni tí ó bá fẹ́ àṣírí, yàrá wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ariwo, ọjà wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti gbà pé ojú òun àti ojú aráyé yóò pàdé, àti pé bí wọ́n bá kí òun, dandan ni kí òun dáhùn. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀, àgbà tí yóò bá ni tún orí ọmọ ṣe, àfi kí ó kọ́kọ́ jókòó síbi tí yóò ti rí orí ọmọ náà.

Ìjókòó níbi gíga, ní tirẹ̀, kì í ṣe ti gbogbo ayé nígbà náà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di 1921, sọ̀rọ̀ kọ̀bì ààfin, ìloro olórùlé gíga iwájú ilé, gẹ́gẹ́ bí àmì ipò, ohun tí mẹ̀kúnnù kò gbọdọ̀ dán wò. Nígbà tí àwọn ajíhìnrere CMS parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn ní Àgbádárìgì ní 1845, ohun tuntun tí ó bá ilé náà wọ̀lú ni pé ènìyàn lè dúró lókè orí ènìyàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ ọba, láìgun igi. Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ sí Kúdẹtì ni a sì ń tọ́ka sí dòní gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nílùú Olúyọ̀lé. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kì í ṣe àwọn òyìnbó ìjọ ni ó kọ́ wa ní ìfẹ́ bákónì. Àwọn Àgùdà ni, àwọn ọmọ wa tí oko ẹrú Bràsíìlì kò lè pa, tí wọ́n padà sí Èkó àti Àjàṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà lọ́wọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dárà sí etí fèrèsé, tí wọ́n sì yọ bákónì jáde sí òpópónà kí ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí le jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀, kí aráyé rí i pé ó ti dé. Ilé Ilọ́jọ̀ ní Tinúbu l'Ékòó, tí a kọ́ ní 1855, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o palẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Ẹni tí ó bá ń wá ọjọ́ orí bákónì ní ilẹ̀ wa yóò rí i pé iṣẹ́ ìwólé ti ṣáájú òun dé ọ̀pọ̀ ibi.

Ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì fa ọjà lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn ìlú. Ilé ìṣòwò àwọn òyìnbó dúró sí Dùgbẹ̀ àti Gbági, àwọn ará Lẹ́bánónì àti Síríà, tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Kòráà, sì tẹ̀ lé wọn, àwọn tí òpópónà kan ṣì ń jẹ́ orúkọ ilẹ̀ wọn dòní olónìí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ta aṣọ, òkè ni wọ́n ń gbé, bákónì sì ni ẹ̀wù tí ilé náà wọ̀ síta. Àwọn ìran tí ó lówó nínú wọn ti kó lọ sí ibòmíràn; àwọn ọmọ wa ni ó jogún òkè náà. Lónìí, bí o bá dúró létí títì ní Dùgbẹ̀ tí o gbójú sókè, télọ̀ ni ìwọ yóò rí tí ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí bákónì nítorí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, onídìrí ti fi àga àti dígí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bànà ìpolongo ìsọjí àti ti olóṣèlú sì ti bo gbogbo irin iwájú wọn. Oníbàárà á dúró sí ìsàlẹ̀ láàárín àwọn ọkọ̀ máíkírà tí ń pe èrò, á na aṣọ sókè, á ké pe, "Ẹ̀gbọ́n, èló ni bùbá àti ìró?" Télọ̀ á yọ orí, á dárúkọ iye owó, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́. Mo ti fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé télọ̀ orí bákónì kì í lè gba owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn méjì fún iṣẹ́ kan náà, nítorí ẹni tí ń ta ẹ̀pà nísàlẹ̀ ti mọ iye rẹ̀ ju oníbàárà lọ. Ilé Kòkó tí ó ga ju gbogbo ilé wọ̀nyí lọ, àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí a parí ní 1965, tí iná sì jó ní 1985 kí a tó tún un ṣe, kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ni. Gíga rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni tí ó wà lókè lè bá ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ dúnàádúrà.

Ní ọ̀nà kejì ìlú, ọgbọ́n mìíràn ni ó bí bákónì. Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti Lọ́ńdọ̀nù, ni a sì gbé iṣẹ́ ilé rẹ̀ fún. Ooru ni ọ̀tá tí wọ́n kọ́kọ́ rí. Wọ́n ya ilé náà ní tẹ́ẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè gba ojú kan wọlé kí ó sì gba ojú kejì jáde, wọ́n fi bákónì ṣe agboòrùn fún yàrá, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì oníhò dí àwọn ibi tí oòrùn ti ń pani lójú. Nígbà tí ó di 1956, wọ́n kọ ìwé odidi lórí bí a ti ń kọ́lé ní ilẹ̀ olóoru tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù fún omi. N kò ní ìjà pẹ̀lú ọgbọ́n wọn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ìkíni. Pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá sọ bákónì wọ̀nyẹn di ibi tí wọ́n ti ń ké sí ara wọn láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, tí wọ́n sì ti ń fi ẹni tí ó wọ aṣọ tuntun ṣe yẹ̀yẹ́, èyí kò sí nínú àwòrán tí wọ́n yà.

Ìdàkejì títì sí yunifásítì náà ni Àgbowó wà, níbẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí olùkàwé dúró pẹ̀lú mi díẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ibẹ̀ kì í ṣe ilé ẹyọ ènìyàn kan: bákónì gígùn kan ló so yàrá mẹ́fà tàbí mẹ́jọ pọ̀ ní òkè, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan kọjú sí i, kẹ́ẹ̀gì omi tò sí ẹsẹ̀ ògiri, sìlípáàsì wà níwájú ilẹ̀kùn, sílíńdà gáàsì kékeré kan sì ń hó ìrẹsì ní ìkángun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ àti ìyá ọlọ́mọ náà wà. Gbogbo ohun tí ẹnì kan ń sè, aládùúgbò rẹ̀ ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tí kò sì rí nǹkan sè, wọ́n mọ̀. Ẹni tí ń lọ sí yàrá ìkángun gbọ́dọ̀ kọjá níwájú gbogbo àwọn tó kù, kò sì lè kọjá láìsọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá dé bá ènìyàn ni í kí.

Òfin yìí rọrùn bí gbogbo wa bá wà lórí ilẹ̀ kan náà. Bákónì ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan ń bọ̀ nísàlẹ̀, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan ń fọ aṣọ lókè: ta ni ó dé bá ta? Ìyá ni ó ń rìn, ọmọ ni ó dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ìyá yóò ti kọ́kọ́ kí ọmọ. Ọmọ náà mọ̀. Ó nu ọwọ́ tí ọṣẹ kún sí ìdí aṣọ rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó sì kúnlẹ̀. Odi bákónì ga dé àyà; bí ó ti kúnlẹ̀ báyìí, orí rẹ̀ wọ̀ sẹ́yìn odi, ìyá kò sì rí ẹnikẹ́ni mọ́ àfi aṣọ tútù tí ń kán omi sílẹ̀. Síbẹ̀ ó dáhùn pé, "Káàárọ̀ o, ìyàwó mi. Ṣé dáadáa lo jí? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé èyí yẹ̀ wò: ìkíni tí a kò rí ni ó tó fún ìyá náà, nítorí pé pípòórá tí orí ọmọ pòórá ni ẹ̀rí. Mo mọ àwọn àgbà mìíràn tí kò ní gbà bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò ní kò sí ọmọ tí ó gbọdọ̀ dúró lókè orí àwọn kí ó máa kí àwọn, kí ó sọ̀ kalẹ̀ wá kí ó wá fojú kan àwọn. N kò bá wọn jiyàn. Ibi tí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo wà, tí ó sì jìnnà sí ìkángun ilé, kí ọmọ náà tó sọ̀ kalẹ̀, ìyá ti dé ọjà Bódìjà.

Bákónì Àgbowó ní òfin mìíràn pẹ̀lú. A kì í da omi láti òkè láìkígbe. A kì í wo inú yàrá ẹni bí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá ṣí, àní bí ojú bá tiẹ̀ rí i. Onígàrí tàbí oníbúrẹ́dì á dúró nísàlẹ̀, ẹni òkè á fi okùn sọ ọ̀rá kalẹ̀ pẹ̀lú owó, onítajà á kó ọjà àti ṣéńjì sí i, kò sì sí ẹni tí ó ń bẹ̀rù pé ẹnìkejì yóò sá lọ. Wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Àwọn ọmọdé Àgbowó gun ju igi lọ, n kò sì lè sọ pé wọ́n ríran ju àgbà lọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ẹni tí ó wọlé àti ẹni tí ó jáde.

Bódìjà ni mo fẹ́ fi èyí wé. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní àkókò Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ó dá àjọ ilé gbígbé sílẹ̀ ní 1958, Ẹ́sítéètì Bódìjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àkọ́so iṣẹ́ rẹ̀: ilé fún òṣìṣẹ́ ìjọba, fún dókítà, fún olùkọ́ yunifásítì, ìdílé kan sí ilé kan, àgbàlá fún òdòdó, gáréèjì fún ọkọ̀. Ó dára gan-an. Ìran kan tí àwọn baba wọn dàgbà nínú agbo ilé, níbi tí ènìyàn kò ti lè wú ikọ́ kí gbogbo ilé má béèrè ohun tí ó jẹ, rí ibi tí wọ́n lè ti ka ìwé ní ìdákẹ́jẹ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wọ ilẹ̀ wa ní àwọn ọdún 1970, àwọn tí ó rí nínú rẹ̀ kọ́ ilé ńlá sí Ring Road àti Challenge, ilé tí bákónì rẹ̀ fẹ̀ ju pálọ̀ ẹlòmíràn lọ, tí òpó rẹ̀ jọ ti ààfin. Ẹni tí ó kọ́ ọ fẹ́ kí a rí òun níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Àgùdà ti fẹ́ l'Ékòó ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n adigunjalè rí i pẹ̀lú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ kí ó ní in, olówó bákónì sì bẹ̀rẹ̀ sí pe wẹ́dà. Wọ́n fi irin dí iwájú, wọ́n fi irin dí òkè, wọ́n gbé ògiri ìta sókè dé ibi tí ẹni tí ó dúró sí bákónì kò ti lè rí òpópónà mọ́, wọ́n to ìgò fífọ́ sí orí rẹ̀, lẹ́yìn náà wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ìlú tí oríkì rẹ̀ fi olè ṣeré pé ó ń jàre olóhun, olóhun ibẹ̀ ti wá gbọ́n. Àtìmọ́lé ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Kí wá ni bákónì náà ń ṣe? Mo ti wò ó káàkiri Ring Road: àpótí tẹlifíṣàn, táyà tí ó ti bàjẹ́, àga oníke tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù tí ń kán omi. Ilé àìlò ni ó dà, ní ibi tí ó dára jù nínú ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù kìíní 2024, nǹkan bú gbàmù ní Òpópónà Adéyí ní Bódìjà Àtijọ́. Ìró rẹ̀ dé ọ̀nà jíjìn nílùú, ilé wó, dígí fèrèsé fọ́ ní ibi tí kò súnmọ́ ibẹ̀ rárá, ẹ̀mí sì ṣòfò. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ ni ó kó ohun abúgbàmù pamọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. N kò ní sọ pé bákónì ni ìbá dá a dúró. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń fi òkú tajà. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé àdúgbò tí ó gbajúmọ̀ jù, tí ọlọ́pàá inú rẹ̀ kò wọ́n, tí ọlọ́dẹ wà lẹ́nu géètì rẹ̀, le gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sínú láìmọ̀, nítorí pé kò sí àṣà láti mọ ohun tí aládùúgbò ń kó wọlé. Ní Àgbowó, wọn ìbá ti béèrè. Bóyá ìbéèrè náà ìbá jẹ́ àfojúdi, bóyá onílé ìbá bú wọn. Ṣùgbọ́n wọn ìbá ti béèrè.

Ó yẹ kí n fi òdodo sọ pé kíkọjú sí ìta kì í ṣe ire fún gbogbo ènìyàn ní gbogbo ìgbà. Ní Káírò, àwọn ará àtijọ́ fi igi tí a gbẹ́ ní ihò ihò dí bákónì, kí obìnrin lè rí òpópónà kí òpópónà má rí i. Ní Ìbàdàn tiwa, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti jinlẹ̀, ìyàwó ẹlẹ́hàá tí ó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń lo búlọ́ọ̀kù oníhò ní ọ̀nà kan náà: ó mọ ìgbà tí olómi kọjá, ó mọ ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ilé kéú dé, ohùn rẹ̀ ń jáde, ojú rẹ̀ kò jáde. Ọmọbìnrin tí kò fẹ́ kí gbogbo ọlọ́kadà máa súfèé sí òun náà ní ẹ̀tọ́ sí ihò búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín búlọ́ọ̀kù oníhò àti irin wẹ́dà ni pé àkọ́kọ́ ń yan ohun tí yóò kọjá, èkejì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síbẹ̀ mọ́.

Nígbà àrùn Kòrónà, ní oṣù kẹta 2020, gbogbo ayé rí àwọn ará Ítálì lórí bákónì tí wọ́n ń kọrin sí ara wọn. Ní tiwa, ìjọba Ọ̀yọ́ ní kí onílé gbélé láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kọrin. Àwọn kan fi èyí bú wa. Èmi kò rí ìdí rẹ̀: ẹni tí ń bá aládùúgbò rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ láti òkè sí ìsàlẹ̀ kò nílò àrùn kí ó tó yọ ojú síta.

Ààlà ilé àti títì náà kì í dúró lójú kan. Ìjọba ń fẹ títì, bí wọ́n bá sì ti fẹ̀ ẹ́, iwájú ilé ni ó ń lọ. Gbogbo Ìbàdàn rántí oṣù kẹjọ 2018, nígbà tí katakata wó apá iwájú Ilé Orin ti olórin Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ní agbègbè Challenge. Ìjọba ìgbà náà ní ilé náà tàpá sí òfin ètò ìlú, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì ní òṣèlú ni. N kò lọ sínú ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti jẹ́ pé iwájú ilé ni ìjà ti máa ń wáyé, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní báyìí, ohun kan ń ṣẹlẹ̀ tí ayàwòrán ilé kò pèsè sílẹ̀ fún. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ti dákẹ́. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná fún àwọn tí wọ́n tò sí ìsọ̀rí àkọ́kọ́ fò láti nǹkan bí náírà 68 sí 225 lórí ìwọ̀n kan, ẹ̀rọ amúlétutù sì di ohun tí a ń fi ìṣirò tàn. Ooru Ìbàdàn kò yí padà. Ní alẹ́, ẹni tí kò jókòó sí bákónì rẹ̀ fún ogún ọdún ń kó táyà àti páálí kúrò níbẹ̀, ó ń gbé àga síta, ó sì ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé aládùúgbò tí ó wà lódìkejì ní irungbọ̀n. Kì í ṣe ìfẹ́ ọmọnìkejì ni ó mú wọn jáde, owó ni. N kò rò pé ìdí náà burú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn baba wa pàápàá, oòrùn àti òjò ni ó kọ́kọ́ kó wọn jọ sí abẹ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Wọ́n ń kí ara wọn "Ẹ kú ooru o" láti inú irin dé inú irin, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ń bi wẹ́dà léèrè iye tí yóò gbà láti gé ojú irin náà, kí ó fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí i.